Ẹ̀yin Àjọ NCC, Ẹ̀kọ́ Ti Di Ọ̀fẹ́, Ìdánwò Ló Kù

Lẹ́tà ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà àti ìgbìmọ̀ Àjọ NCC, tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, l'Abuja

Ẹ̀yin àgbà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ sì kú ìfaradà ẹjọ́ àwọn tí dátà wọn ń tán nígbà tí wọ́n ń sùn. Ọ̀rọ̀ dátà kọ́ ló gbé mi wá lónìí. Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín kò ju gbólóhùn kan lọ: ọmọ tó bá kọ́ iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí iṣẹ́ fáíbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì yege, ẹ bá a dá owó ìdánwò rẹ̀ padà, kí ẹ sì jẹ́ kó máa wọ yàrá irinṣẹ́ yín lópin ọ̀sẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ló gùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Iṣẹ́ fáíbà, ìyẹn wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì, ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Bí katapila àwọn tó ń ṣe ọ̀nà bá fa wáyà já lọ́nà Ìwó tàbí lápá Mọ́níyà, àwa ni wọ́n máa ń pè, òru ló sì sábà máa ń jẹ́. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára síìmù yín ló gbà mí síṣẹ́ o. Agbaṣẹ́ṣe kan ló gbà mí. Òun náà gbaṣẹ́ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe mìíràn, ẹni yẹn ló wá gbà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni wáyà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹ̀ wá.

Nígbà ayé P&T, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó lẹ́tà àti fóònù, àti lẹ́yìn tí wọ́n dá NITEL, ilé-iṣẹ́ fóònù ìjọba, sílẹ̀ ní 1985, ẹni tó bá wọṣẹ́ ni wọ́n máa ń rán lọ sílé ẹ̀kọ́. Owó oṣù ń wọlé, ẹ̀kọ́ ń lọ. Àwọn bàbá kan ṣì wà nígboro Ìbàdàn tí wọ́n lè dá wáyà ọlọ́pọ̀ awẹ́ so lẹ́bàá títì láìwo ìwé kankan, P&T ló kọ́ wọn. NITEL ní àbùkù tirẹ̀, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Kó tó di 2001, ìlà fóònù gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 400,000 lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ fóònù sílé rẹ̀ á ti mọ ẹni tó mọ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni GSM dé ní oṣù kẹjọ 2001, ayé sì yí padà fún gbogbo wa.

Èyí tó yí iṣẹ́ tiwa padà jùlọ ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 2014. MTN fi àwọn òpó rẹ̀ sábẹ́ IHS, Airtel ta tirẹ̀ fún American Tower, ilé-iṣẹ́ olópòó ni àwọn méjèèjì, títún ẹ̀rọ ṣe náà sì túbọ̀ di iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún agbaṣẹ́ṣe. Mi ò sọ pé ó burú. Àmọ́ ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ilé-iṣẹ́ tó ni wáyà ní òun kọ́ ló gbà mí síṣẹ́, òun kò sì ní í san owó ẹ̀kọ́ mi. Agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́ ní àdéhùn òun kò ní í pẹ́ parí, kí ni òun fẹ́ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Agbaṣẹ́ṣe tó gbà mí gan-an, owó dísẹ́ẹ̀lì tí a fi ń gbé ọkọ̀ lọ síbi wáyà tó já ló ń dà á láàmú. Báyìí ni ẹ̀kọ́ ṣe bọ́ sọ́rùn ọmọ fúnra rẹ̀, àtẹni tó ti ríṣẹ́ àtẹni tó ṣì ń wá a.

Àwọn ọmọ náà kò sì jókòó tẹtẹrẹ. Ẹ wá wò wọ́n. Cisco ti ṣí Networking Academy láti 1997, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, òun àti Packet Tracer, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí èèyàn fi lè to ráútà (ẹ̀rọ tó ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan mọ́ òmíràn) àti súwíìṣì (èyí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) láìní ọ̀kan ṣoṣo nílé. FOA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ fáíbà l'Amẹ́ríkà, ní Fiber U, ọ̀fẹ́ ni. Àjọ ITU ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Huawei náà ní tirẹ̀, tí wọ́n ń pe ìwé-ẹ̀rí ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ ní HCIA, a sì ti rí àwọn ọmọ yunifásítì wa tó gba ibẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn díje. Ọmọ tó wà l'Ògbómọ̀ṣọ́ lè kọ́ ohun kan náà tí ọmọ London ń kọ́, lọ́jọ́ kan náà, bí dátà bá ti wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe eré. Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ti parí OND, ṣọ́ọ̀bù POS ló ń jókòó tì lọ́sàn-án. Lálẹ́, tí NEPA bá mú iná wá, á ṣí Packet Tracer lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, á to ráútà méjì, súwíìṣì méjì àti kọ̀ǹpútà mẹ́rin, á fa wáyà láàárín wọn. Lára wáyà kọ̀ọ̀kan ni igun mẹ́ta kékeré kan wà. Bó bá pupa, ọ̀nà dí. Bó bá di àwọ̀ ewé, ọ̀nà ti là. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó pè mí pé gbogbo àdírẹ́sì tí òun fi sí i ló tọ̀nà, òun ti ṣírò rẹ̀ léraléra, síbẹ̀ pupa ni. Mo ní kó ka ohun tó tẹ̀ fún mi. Ó kà á dé ìsàlẹ̀. Àdírẹ́sì pé, ohun gbogbo pé, àfi òfin kan tó sọ fún ráútà pé kí ojú rẹ̀ là: no shutdown. Ráútà Cisco máa ń ti ojú ọ̀nà rẹ̀ pa fúnra rẹ̀ ni títí ẹnìkan á fi ní kó ṣí i. Ó tẹ̀ ẹ́, igun mẹ́ta náà di àwọ̀ ewé, mo sì gbọ́ igbe rẹ̀ kó tó gé fóònù. Ẹni tó bá ti kó sí wàhálà yìí lẹ́ẹ̀kan kò ní í gbàgbé mọ́ láyé. Bí iṣẹ́ yìí ṣe ń wọnú èèyàn nìyẹn.

Ọmọ yẹn mọ VLAN, ìyẹn bí a ṣe ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó mọ OSPF, ìyẹn bí ráútà ṣe ń wá ọ̀nà, ó ń gé àdírẹ́sì sí wẹ́wẹ́ lórí bébà láìlo kálíkulétọ̀. Kò ní CCNA, ìwé-ẹ̀rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti Cisco. Kò sì sí ẹni tí yóò pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láìní i, nítorí OND ló ní, àwọn tó ń ka ìwé ìbéèrè iṣẹ́ kì í ka ìwé OND dé ojú ewé kejì bí kò bá sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀.

$300 ni owó ìdánwò CCNA. Bí dọ́là kan bá jẹ́ ₦1,500, ₦450,000 nìyẹn. ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jùlọ tí òfin fi lélẹ̀ ní 2024. Ẹ bá mi pín in: ẹni tó ń gba owó yẹn, tí kò jẹun, tí kò wọkọ̀, tí kò san owó ilé, á fi oṣù mẹ́fà ó lé díẹ̀ kó owó ìdánwò jọ. Ìdánwò ìṣẹ́jú 120 ni. Bó bá sì yege, ọdún mẹ́ta péré ni ìwé-ẹ̀rí náà ń lò kó tó di pé á tún un ṣe. Bí kò bá yege, owó náà ti lọ, kò sí pé ẹ fún mi ní sáà díẹ̀. Network+ ti CompTIA, ìwé-ẹ̀rí irú rẹ̀ kan, tún wọ́n ju ti Cisco lọ. Ẹ̀dínwó máa ń wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe dáadáa nínú Academy, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó kù lẹ́yìn ẹ̀dínwó ṣì ju ohun tí oníṣọ́ọ̀bù POS lè dá kó jọ lọ.

Kí owó tiẹ̀ wà, sísan án tún jẹ́ iṣẹ́. Fún ìgbà pípẹ́, káàdì náírà kò lè ra ohunkóhun ní òkèèrè, àwọn ọmọ wá ń wá ẹni tó ní káàdì dọ́là kiri. Ibẹ̀ ni àwọn gbájúẹ̀ ti rọ́nà wọlé: "Mo ní fáúṣà CCNA ní ìdajì owó." Ọmọ á san án, wọ́n á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí i, ó di ọjọ́ tó fẹ́ lò ó kó tó mọ̀ pé ẹlòmíràn ti lò ó. Mo mọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Ó ti padà sídìí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń wà tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ní ìdánwò náà ṣeé ṣe nílé. Òótọ́ ni, ó ṣeé ṣe, fún ẹni tó nílé. Ohun tí wọ́n ń béèrè rèé: kí yàrá dá, kí tábìlì mọ́ féfé, kí ẹ ya fọ́tò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá ránṣẹ́, kí kámẹ́rà máa wo ojú yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹnikẹ́ni má wọlé, kí ẹ má sì ka ìbéèrè sókè. Ní ilé face-me-I-face-you tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé, níbi tí ọmọ aládùúgbò kò mọ̀ pé a máa ń kan ilẹ̀kùn? Níbi tí ìyá ìyàwó fẹ́ yá odó? Ká tún wá bọ́ sórí iná. Bí iná bá lọ láàárín ìdánwò, tí íntánẹ́ẹ̀tì já, ẹni tó ń ṣọ́ ọ láti òkèèrè kò mọ ohun tó ń jẹ́ NEPA. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ọmọ láti Ṣakí, Ìkirè àti Ọ̀kà Àkókó máa wọkọ̀ lọ sí ilé ìdánwò ní ìlú ńlá, kí wọ́n sun ilé ẹ̀gbọ́n kan mọ́jú, kí wọ́n tó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà ẹni ẹlẹ́ni.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ orúkọ, ó kéré lójú, ó ń pa èèyàn lẹ́kún. Orúkọ tó wà lórí ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò gbọ́dọ̀ bá ti káàdì ìdánimọ̀ mu. Ẹ mọ bí a ṣe ń sọmọ lórúkọ nílẹ̀ wa: ìyá ní tirẹ̀, bàbá ní tirẹ̀, ìyá àgbà náà fún un ní tirẹ̀. Ti ilé ìwé lè jẹ́ ọ̀kan, ti NIN lè jẹ́ òmíràn, ti báńkì a tún bù díẹ̀ kún un. Wọ́n ti dá ọmọ padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé orúkọ bàbá ló ṣíwájú níhìn-ín, tó sì kẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń ṣọ́nà kò jẹ̀bi o, òfin ló ń tẹ̀lé. Àmọ́ bí ẹ bá máa forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ ní tààràtà bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀ yín, àyẹ̀wò orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ẹnìkan á ní, ṣé ìwé-ẹ̀rí yìí tiẹ̀ wúlò? Ṣé CCNA ló ń gun òpó? Ìbéèrè gidi ni, mo sì ní láti dáhùn rẹ̀ bó ṣe rí. Ó wúlò lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé ìbéèrè iṣẹ́, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n mú tìrẹ sọ́tọ̀. Ó tún wúlò fún àwọn tó jẹ́ pé HND ni wọ́n ní, tí wọ́n ti ń fi ojú kejì wò láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, nítorí Cisco kì í béèrè bóyá yunifásítì ni tàbí poli. Lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà, iṣẹ́ ọwọ́ ló kù. Mo ti bá ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí ṣiṣẹ́ tí kò mọ ibi tí a ti ń di okùn ráútà mú. Mo sì mọ ìdí rẹ̀: expo ló kà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ta ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Telegram, ọmọ á há a sórí bí ẹni há ìwé mímọ́, á wọlé, á yege, á sì jáde láìmọ nǹkan kan. Cisco lè gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ kò tẹ̀ ńkọ́? Òun ló bá mi dé ibi wáyà tó já láago méjì òru, tó ń béèrè lọ́wọ́ mi èwo ni kí òun fà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi so ẹ̀bẹ̀ mi méjèèjì pọ̀. Owó ìdánwò láìsí yàrá irinṣẹ́, owó expo lẹ ń san.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Inú wáyà fáíbà kan ni ọ̀pá kéékèèké wà, inú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ni awẹ́ 12 sábà máa ń wà, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, tó tẹ̀ léra báyìí: búlúù, ọsàn, àwọ̀ ewé, bíráùn, eérú, funfun, pupa, dúdú, yẹ́lò, pọ́pù, píńkì, àti aqua. Gbogbo ọmọ tó ka Fiber U ló lè pè é bí ẹni ń ka ABD. Ṣùgbọ́n nínú ihò, lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lọ́wọ́, funfun àti eérú jọra, píńkì àti ọsàn ń bára wọn jà lójú. Awẹ́ kan kò ju irun orí lọ. Wàá bó awọ ara rẹ̀ láìjẹ́ kó ṣẹ́, wàá fi sípírítì nù ún, wàá gé e lórí cleaver kí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, wàá gbé e sínú ẹ̀rọ splicer lápá ọ̀tún, ẹnìkejì rẹ̀ lápá òsì. Ẹ̀rọ á wo àwọn méjèèjì, iná á tàn fìrí láàárín wọn, wọ́n á yọ́ papọ̀. Ojú ẹ̀rọ á wá sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó máa ṣòfò níbẹ̀. Bó bá sọ 0.02, ọkàn rẹ balẹ̀. Bó bá sọ 0.30, gé e, kí o tún un ṣe, kò sí "ó máa gbà bẹ́ẹ̀". Lẹ́yìn náà ni wàá fa ọ̀já bò ó, kí o fi sínú ibi tó ń gbóná títí á fi fún mọ́ ọn. Awẹ́ kan nìyẹn. Wáyà tí katapila fà já lè ní awẹ́ 96, gbogbo ìlú á sì máa pè láti béèrè ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì máa dé.

Kò sí fídíò tó lè kọ́ ọwọ́ ní èyí. FOA gan-an, tó ṣe Fiber U lọ́fẹ̀ẹ́, kì í fún ènìyàn ní ìwé-ẹ̀rí CFOT bí kò bá fọwọ́ kan iṣẹ́. Ẹ̀rọ splicer tó dára ń lé ní mílíọ̀nù kan náírà dáadáa, OTDR tí a fi ń wá ibi tó já náà wọ́n. Agbaṣẹ́ṣe tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kò tíì gbówó oṣù fọwọ́ kan ti wa, mi ò sì lè bá a jà.

Ẹ̀yin ní yàrá irinṣẹ́. Ní 2004 ni ẹ dá Digital Bridge Institute (DBI) sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí gan-an, ó ní ibùdó l'Abuja, l'Ọ́ṣòdì, ní Kánò àti níbòmíràn. Ọmọ tó ti fi oṣù pípẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò wá kíláàsì mọ́. Kò wá olùkọ́ tó máa dúró níwájú bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan pẹ̀lú splicer, pẹ̀lú ráútà gidi tó ń gbóná tó sì ń pariwo, pẹ̀lú àgbà kan tó máa wò ó tó ń ṣe é, ló kù fún un. Àwọn àgbà náà wà. Àwọn ọ̀gá NITEL tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà nílé, ara wọn ṣì le, ọ̀pọ̀ wọn á wá bí ẹ bá fún wọn lówó ọkọ̀.

Ìjọba fẹ́ fi kìlómítà 90,000 fáíbà tuntun kún 35,000 tó wà nílẹ̀ nínú iṣẹ́ Project BRIDGE, kí gbogbo rẹ̀ di 125,000. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, ta ni yóò máa so ó? Wáyà tó wà nílẹ̀ báyìí, a kò tó láti tọ́jú rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2024, Ààrẹ buwọ́ lu àṣẹ tó sọ àwọn irinṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ di dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè, tí ẹni tó bá bà á jẹ́ á rí ìjà òfin. Ó dára bẹ́ẹ̀. Òfin á mú ẹni tó gé wáyà, kò ní í bá wa so ó padà. Nígbà tí àwọn wáyà WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lábẹ́ òkun létí Abidjan ní oṣù kẹta 2024, gbogbo ayé ló gbọ́, ọkọ̀ òkun ló lọ tún un ṣe. Ti orí ilẹ̀ kò ní ọkọ̀ òkun. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ní.

Mo mọ̀ pé ètò 3MTT, tí ìjọba fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wà. Ilé-iṣẹ́ Mínísítà lábẹ́ Ọ̀mọ̀wé Bosun Tijani ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2023, mo sì kan sáárá sí wọn. Ẹ̀ka 12 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀. Ẹ̀ka àwọn tó ń ya àwòrán tó ń rìn wà níbẹ̀, ti àwọn tó ń ṣe géèmù wà níbẹ̀, ti cloud àti ti ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Ẹ̀ka oníṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ti fáíbà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ṣe géèmù tán, orí wáyà ta ni géèmù náà yóò gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ fi ṣeré?

Nítorí náà, bí mo ṣe rò pé ẹ lè ṣe é rèé. Ẹ má san owó kí ọmọ tó ṣe ìdánwò, ẹ ó kàn máa kó owó fún àwọn tó mọ ọ̀nà ọ́fíìsì ni. Ẹ jẹ́ kó wá sí DBI lẹ́yìn tó bá yege, kó fi ọwọ́ ṣe ohun tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní ó mọ̀: kó to nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré kan kó là, tàbí kó so awẹ́ 12 kí ìṣirò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dára. Bó bá ṣe é, ẹ dá owó rẹ̀ padà. Ẹni tó ka expo kò ní í tiẹ̀ yọjú. Fún àwọn tí kò ní rí $300 yá rárá, bí ọmọ oníṣọ́ọ̀bù POS yẹn, ẹ gbé àyẹ̀wò ọwọ́ náà síwájú ìdánwò, kí ẹ bá a ra fáúṣà fúnra yín lọ́wọ́ Cisco tàbí Huawei. Àjọ tó bíi tiyín lè dúnàádúrà iye tí ọmọ kan kò lè dá dúnàádúrà láyé. Ẹ sì ṣí yàrá ìdánwò sí àwọn ibùdó DBI, kí iná àti ilẹ̀kùn kúrò nínú wàhálà àwọn ọmọ.

Owó ńkọ́? Àwọn ilé-iṣẹ́ ń san owó ọdọọdún fún yín, USPF, àpò owó tí a fi ń mú ìbánisọ̀rọ̀ dé ibi tí kò tíì dé, sì wà lábẹ́ òfin 2003. Ní oṣù kìíní 2025 ẹ gbà kí wọ́n fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún gbé owó ìpè àti dátà sókè, kí wọ́n lè rí owó tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe. Àwa náà ń san án. Díẹ̀ nínú rẹ̀ tọ́ sí ọwọ́ tó ń tún un ṣe. Ọ́fíìsì NODITS tí ẹ dá sílẹ̀ nítorí kí iṣẹ́ má baà máa bọ́ sọ́wọ́ àjèjì náà lè béèrè ohun kan péré lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni wáyà: nínú àwọn tí agbaṣẹ́ṣe yín rán lọ sí ojú iṣẹ́, mélòó ló ní ìwé-ẹ̀rí, ta ló sì san owó rẹ̀? Bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ ó béèrè lọ́dọọdún, wọ́n á fi sínú àdéhùn.

Ẹ ó ní wọ́n á japa. Àwọn kan á lọ, mi ò ní tan yín. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ń lọ, ṣé a ti ti UCH pa? Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Manchester ló ń bá àwọn ọmọ àdúgbò wa yẹ ìṣirò àdírẹ́sì wò lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kò gba kọ́bọ̀. Ẹni tí kò níṣẹ́ ọwọ́ náà ń japa, ọ̀nà aṣálẹ̀ lòun ń gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí a wá ṣàlàyé sí i, a ó wá, ọjọ́ iṣẹ́ kankan kò burú, àfi bí wáyà bá já. Ibùdó Ọ́ṣòdì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ó sún mọ́ àwọn ọmọ Èkó, ti Ògùn àti ti Ìbàdàn lè wọkọ̀ débẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n padà lálẹ́. Splicer méjì àti ráútà mẹ́rin tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kàn kéde ọjọ́ tí ilẹ̀kùn máa ṣí.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníṣẹ́ fáíbà kan, láti Ìbàdàn